Bí ẹ ṣe lè parí àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lórí lítíréṣọ̀ alohùn, kí ewì yín má kú, kí ilé má sì tú

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Yorùbá ti ń dúró kò ṣòro mọ̀. Wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ, wọ́n ti ṣe sẹ́mínà àkọ́kọ́, orí kìíní àti ìdajì orí kejì ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wá dúró síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìwé ewì tí wọ́n ń kọ dúró pẹ̀lú. Nílé, ọkọ tàbí aya ń bínú, torí ẹni tí kò rí nǹkan kọ náà ni kì í ráyè gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fà á ni pé wọ́n ń retí àyè gbọọrọ: "tí ọmọ bá ti wọ ilé-ìwé", "tí a bá ti sin òkú Bàbá tán". Àyè bẹ́ẹ̀ kì í dé.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ìjálá, oríkì, ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà egúngún tàbí irú wọn, tó tún ń kọ ewì tàbí eré-onítàn tirẹ̀, tó sì ní ọkọ tàbí aya àti ọmọ nílé.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Kàlẹ́ńdà ńlá kan tó fi oṣù 12 hàn lójú kan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí gbogbo ilé ti ń jẹun. Èyí tó wà nínú fóònù kò tó, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ń rí i.
- Ìwé àkọsílẹ̀ méjì tí àwọ̀ èèpo wọn yàtọ̀: ọ̀kan fún ìwádìí, ọ̀kan fún iṣẹ́ àtinúdá.
- Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó lè gba ohùn sílẹ̀ ní WAV (irú fáìlì ohùn tí kì í dín ohùn kù), káàdì 32GB kan, àti bátìrì àfirọ́pò. Fóònù tí a so máíkì mọ́ lè ṣe é tí owó kò bá tó.
- Háàdì dísìkì méjì tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ máa gbé inú ilé yín.
- Ìwé òfin PG School (ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn tó ń ṣe oyè gíga) yunifásítì yín, ti ọdún tí ẹ wọlé gan-an.
- Àkáǹtì kékeré kan fún owó iṣẹ́ pápá nìkan: owó ọkọ̀, obì, ọtí, ẹ̀bùn àwọn abẹ́nà ìmọ̀ (àwọn tó ń pe ewì tàbí ṣàlàyé rẹ̀ fún yín). Owó iṣẹ́ pápá tó bá wà pẹ̀lú owó oúnjẹ yóò di owó oúnjẹ.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ sára ògiri

Ẹ pe ìpàdé ilé kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ tàbí aya yín ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ pe àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé kà àti àgbà tó bá ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi gègé aláwọ̀ mẹ́rin kọ nǹkan mẹ́rin sórí kàlẹ́ńdà, ní ìtẹ̀léra yìí:

1. Ọjọ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ: ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìdánwò, ìsinmi, ọjọ́ tí owó ilé-ìwé ń wọlé.
2. Ọjọ́ ẹbí tí kò ṣeé yẹ̀, títí kan ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ọmọ jọ ń jáde.
3. Ọjọ́ PG School: ìforúkọsílẹ̀, sẹ́mínà, ìjábọ̀ ìlọsíwájú.
4. Iṣẹ́ pápá, àti ọ̀sẹ̀ tí orí kọ̀ọ̀kan yóò dé ọ̀dọ̀ alábòójútó yín.

Tí ẹ bá fi iṣẹ́ pápá ṣíwájú, yóò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ọmọ, ẹ ó sì yẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn abẹ́nà ìmọ̀ kì í kà á sí mọ́.

Ìnáwó ọjọ́ Sátidé ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú níbí. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé: Sátidé mẹ́ta nínú mẹ́rin lè bá a lọ. Ẹ jọ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ dé: ti òbí, ti ọmọ ìyá, ti àna gan-an. Ọ̀wọ́ kejì, ẹnì kan lọ, ẹnì kejì jókòó ti ọmọ àti iṣẹ́. Ọ̀wọ́ kẹta, ẹ fi owó ránṣẹ́ tàbí kí ẹ ra aṣọ ẹbí, kí ẹ sì pe onínàáwó kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí a bá pè ṣáájú kì í sábà bínú. Ẹni tó wo ọ̀nà wa títí tí kò rí wa ló ń bínú.

Ẹ má fi àdéhùn yìí mọ sáàárín tọkọtaya. Ìyá ọkọ tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ yóò gbà pé ìyàwó ń fi ìwé sá fún ẹbí. Ọkọ ni kó lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyàwó ni kó lọ sọ ọ́ fún tirẹ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ iṣẹ́ yẹn, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi ọmọ yín pé, "Ọjọ́ wo ni èmi àti ìwọ jọ ń jáde?" Tó bá lè tọ́ka sí i lára ògiri, ó ti yanjú. Tó bá ní, "Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣe tán," ẹ tún ìpàdé náà ṣe.

Ìpele 2: Ẹ wá wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ lọ́sẹ̀

Ẹ má ṣe pinnu láti máa kọ̀wé lálaalẹ́. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó dáná, tó wo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ, kò ní làákàyè ìtúpalẹ̀ ewì láago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ mú ìdájí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 90 lẹ́ẹ̀kan, láti aago 4:30 sí 6:00. Ẹ fi wákàtí mẹ́rin lójú kan kún un ní Sátidé tí kò sí ìnáwó, tàbí ní ọ̀sán ọjọ́ mìíràn tí ìnáwó bá wà. Wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ 40 láàárín ọdún, ó di wákàtí 340. Ẹ kọ iye yìí síbi kan, a ó lò ó níwájú.

Ìdájí kì í bàjẹ́ ní ìdájí, alẹ́ àná ló ti ń bàjẹ́. Aṣọ ilé-ìwé tí a kò tíì lọ̀, oúnjẹ tí ọmọ ń gbé lọ sílé-ìwé tí a kò tíì ronú sí, kọ̀ǹpútà tí a kò fi síná nígbà tí iná wà: àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ ìṣẹ́jú 90 náà. Ẹ parí wọn ṣáájú aago mẹ́sàn-án, kí ẹ sì ti sùn láago mẹ́sàn-án àbọ̀. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí pépà, kí ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè tí ẹ ó dáhùn ní àárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó jí láìmọ ohun tó fẹ́ kọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú-ìwé kìíní ṣe. Fóònù kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá náà.

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, kí ó má gba ìmọ̀ràn ìdájí yìí. Kò sí oorun tó ṣẹ́ kù tí a lè gé níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí etí àti ọwọ́ kan lè ṣe ni kó mú: gbígbọ́ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, kíkọ ìṣẹ́jú àti kókó rẹ̀ sílẹ̀, kíka iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Tí ẹnì kan bá lè gbé ọmọ fún wákàtí méjì ní ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí a fi wákàtí náà kọ̀wé, kí a má fi fọ aṣọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi àmì sí kàlẹ́ńdà fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan tó wáyé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìjókòó 16 ló yẹ kó wà. Tí kò bá tó 11, ẹ má bá ara yín jà, aago tí ẹ yàn ni kò bá ilé yín mu. Ẹ yí i padà.

Ìpele 3: Iṣẹ́ pápá tí kò da ilé rú

Irú ewì tí ẹ ń ṣèwádìí lé lórí ló ń sọ bí ìnira ilé yóò ṣe rí. Ẹ̀sà egúngún máa ń jẹ yọ lásìkò ọdún egúngún, ẹ lè fi oṣù mélòó kan múra sílẹ̀ fún un. Ẹkún ìyàwó rọ̀ mọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ ń sun níbi ìṣípà ọdẹ kò ní kàlẹ́ńdà, nítorí ikú kì í dá ọjọ́. Ẹni tó ń wá ìrèmọ̀jé gbọ́dọ̀ ní àpò tó ti dì kalẹ̀, bátìrì tó kún, àti ẹni méjì tó ti gbà tẹ́lẹ̀ láti mú ọmọ láti ilé-ìwé tí ìpè bá dé lójijì. Ẹnì kan kò tó. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an ló máa ń rìnrìn-àjò.

1. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ. Ẹ lọ kí Olúọdẹ tàbí olórí àwọn tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ẹ mú obì àti ọtí dání, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá.
2. Ẹ béèrè ọjọ́ Orò lọ́wọ́ ará ìlú kí ẹ tó mú ọjọ́ kankan. Obìnrin kì í jáde nígbà tí Orò bá wà níta, ní ìlú mìíràn ọ̀sán gangan sì ni. Obìnrin tó wọ ọkọ̀ lọ láìbéèrè lè di ẹni tó wà nínú yàrá àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú.
3. Ní ìbẹ̀wò kejì, ẹ gba ohùn ìyọ̀ǹda sílẹ̀ kí ewì tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ, ọjọ́, ibi, àti "mo gbà kí a lo ohùn mi fún ìwé oyè". Tí yunifásítì yín bá ń béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń bá ṣèwádìí, ìwé náà gbọ́dọ̀ ti jáde kí èyí tó ṣẹlẹ̀.
4. Ẹ fi ẹ̀rọ sí WAV, 44.1kHz, bíìtì 16, mónò. Wákàtí kan yóò jẹ́ nǹkan bíi 318MB, káàdì 32GB sì lè gba nǹkan bíi wákàtí 100. Nítorí náà kò sí ìdí láti lo MP3 nítorí àyè.
5. Ẹ bo máíkì lójú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Etí yín lè fojú fo ariwo rẹ̀, ẹ̀rọ kì í fojú fo nǹkan kan.
6. Ẹ sọ fáìlì lórúkọ láìfi àmì ohùn sí i: 2025-08-12_Iseyin_ijala_01. Orúkọ fáìlì tó ní àmì sábà máa ń dàrú tó bá bọ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ń lọ ṣe iṣẹ́ pápá ní ìlú tí òbí wọn wà, kí wọ́n lè fi òkò kan pa ẹyẹ méjì. Ó dára, àmọ́ ẹ pín ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi kí ẹbí, ẹ kò gba ohùn. Ọjọ́ tí ẹ bá ń gba ohùn, àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ kékeré tó ń sunkún níbi ìjálá kò ba ohùn jẹ́ nìkan, ó máa ń mú kí àwọn àgbà gé ewì kúrú nítorí àánú yín.

Ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsinmi gígùn àwọn ọmọ yín bọ́ sí oṣù kẹjọ, oṣù náà gan-an tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń wáyé. Ẹ fi èyí sí kàlẹ́ńdà kíákíá. Láti oṣù kìíní 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ká ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lọ́wọ́ kò láti mú ẹbí dání, ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe oyè ìwádìí bíi ọ̀mọ̀wé sílẹ̀. Ẹ rí i pé oyè ìwádìí ni lẹ́tà ìgbaniwọlé yín sọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

*Àyẹ̀wò:* alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀, márùn-ún àárín, márùn-ún ìparí. Ẹ da fáìlì náà sórí háàdì dísìkì méjèèjì. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣí i lórí méjèèjì tó sì sọ̀rọ̀ ni ẹ lè pa ti inú káàdì rẹ́.

Ìpele 4: Ìdàkọ, ibi tí ọdún ń sọnù sí

Ìdàkọ, ìyẹn kíkọ ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú ìwé, fún wákàtí kan ìjálá, pẹ̀lú àmì ohùn, kì í gbà ní ìsàlẹ̀ wákàtí mẹ́jọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí apohùn ń yára, ọ̀rọ̀ àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì padà lọ bi í. Ẹ wá padà sí wákàtí 340 yẹn. Tí ẹ bá gba wákàtí 20 sílẹ̀, tí ẹ sì pinnu láti da gbogbo rẹ̀ kọ, ó di wákàtí 160, ìyẹn bí ìdajì ọdún kan, láì tíì kọ gbólóhùn ìtúpalẹ̀ kan. Ìṣírò yìí ló ń pa àpilẹ̀kọ, ọ̀lẹ kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ ṣe àtòkọ: ìṣẹ́jú, apohùn, kókó, ìlà. Lẹ́yìn náà ẹ yan wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dáhùn ìbéèrè ìwádìí yín, kí ẹ da ìyẹn nìkan kọ. Ẹ lè lo ELAN, ètò kọ̀ǹpútà kan fún ìdàkọ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣẹ́jú rẹ̀ nínú ohùn.

Ìṣòro kan tí àwọn ènìyàn kì í rí àfi nígbà tí ó bá ti bọ́: ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Àmì tó ju ọ̀kan lọ ni a ń fi tò wọ́n, àwọn kíbọ́ọ̀dù kì í sì í tò wọ́n bákan náà. Tí ẹ bá tẹ orí kẹta lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, tí ẹ sì tẹ orí kẹrin lórí ti ọmọ yín, ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà yóò kà sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan náà sórí gbogbo ẹ̀rọ ilé, kí ẹ sì tẹ̀lé àkọtọ́ òde-òní tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 láti ojú-ìwé kìíní.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wá ọ̀rọ̀ "ọ̀nà" nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ fi ojú ka iye rẹ̀ ní ojú-ìwé mẹ́ta. Tí iye tí kọ̀ǹpútà rí níbẹ̀ bá dín sí tiyín, àmì ti dàpọ̀. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí.

Ìpele 5: Kí ewì yín máa mí

Ọgbọ́n tí mo fara mọ́ ni pé kí a má ṣe kọ ìtàn àròsọ gígùn lásìkò tí a ń kọ àpilẹ̀kọ. Àwọn méjèèjì ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ orí, ọ̀kan á sì jẹ èkejì. Ewì, eré kúkúrú fún rédíò, àlọ́ ọmọdé: àwọn wọ̀nyí ṣeé gbé sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ mú un sí ọjọ́ tí kì í ṣe ti àpilẹ̀kọ, torí èdè ìtúpalẹ̀ máa ń wọ inú ewì tí a bá kọ ní ìjókòó kan náà.

Àwọn ọmọ wúlò níbí ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ ka eré tàbí àlọ́ náà sókè fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti yọjú sí fóònù ni gbólóhùn ti gùn jù.

Ìkìlọ̀ tó wúwo jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí: ìyọ̀ǹda tí abẹ́nà ìmọ̀ fún yín, ti ìwé oyè ni. Kò fún yín láṣẹ láti gbé ìlà ìjálá rẹ̀ sínú ìwé ewì tí orúkọ yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Oríkì ìdílé le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìdílé ló ni ín, ẹni tó ki oríkì náà fún yín kò lè dá a yọ̀ǹda. Tí ìlà kan bá wọ̀ yín lára tí ẹ fẹ́ lò ó, ẹ padà lọ tọrọ rẹ̀, ẹ sọ pé a ó ta ìwé náà, kí ẹ kọ orúkọ apohùn síbẹ̀. Ìdí tí ìwé àkọsílẹ̀ fi jẹ́ méjì nìyí: lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ kò ní rántí èyí tó ti ẹnu yín jáde.

*Àyẹ̀wò:* ẹ mú ewì márùn-ún tí ẹ kọ gbẹ̀yìn, kí ẹ wá ìlà wọn nínú ìdàkọ yín. Èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ lọ gba àṣẹ.

Ìpele 6: Orí ìwé, alábòójútó, àti ìyanṣẹ́lódì

Ẹ má fi ìfáárà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orí ìtúpalẹ̀ kan kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọgbọ́n ìwádìí nígbà tí iṣẹ́ pápá ṣì wà lọ́kàn, kí àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú tẹ̀lé e. Ìfáárà ni kó kẹ́yìn. Ẹ fi ojú-ìwé 15 sí 20 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Odidi orí olójú-ìwé 70 yóò wà lórí tábìlì alábòójútó títí sáà yóò fi parí. Ẹ kọ ìbéèrè méjì mọ́ ọn, kí ẹ sì lọ kí wọn lójúkojú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìnáwó tiwọn náà wọ ọ̀wọ́ kìíní lórí kàlẹ́ńdà. Gbogbo wa la mọ ìdí.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU (ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì Nàìjíríà) ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta títí wọ oṣù kejìlá. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ìjọba sì dá owó oṣù dúró. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tó tún ń ṣe oyè gba ìyà méjèèjì. Ẹ ní ẹ̀dà ìwé tí ẹ nílò nílé, ẹ bá alábòójútó ṣàdéhùn bí ẹ ó ṣe máa bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì tọ́jú owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í bá ASUU tì, ìyẹn ni pé òwúrọ̀ márùn-ún ṣófo lọ́sẹ̀. Kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ nílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òwúrọ̀ wọ̀nyí ti di ti àpilẹ̀kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ ilé ni yóò wọ́ lọ síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* tí yunifásítì bá tì lónìí, ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láì fẹsẹ̀ kan ọgbà rẹ̀?

Ìpele 7: Nígbà tí ọmọ bá dé tàbí òkú bá sùn

Àwọn ènìyàn máa ń da ìsinmi ibi iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ní ọ̀sẹ̀ 16. Kò sí èyí tó dá aago PG School dúró nínú wọn. Aago yẹn ń lọ, owó ìforúkọsílẹ̀ ń gorí ara wọn, àfi tí ẹ bá kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà kan.

Ẹ kọ lẹ́tà náà kí ẹ tó lọ, kí ó gba ọ̀dọ̀ alábòójútó àti olórí ẹ̀ka kọjá. Ẹ so ìwé dókítà tàbí ẹ̀rí mìíràn mọ́ ọn. Ẹ béèrè sáà tó péye, ẹ má sọ pé "fún ìgbà díẹ̀". Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ni kí ẹ gbé padà sílé, torí fáìlì máa ń sọnù. Kí ẹ tó ti kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ojú-ìwé kan ṣoṣo: ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó kàn, ibi tí fáìlì wà. Ẹni tó padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láìsí ojú-ìwé yìí lè fi oṣù kan gbáko wá ara rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní lẹ́tà ìdáhùn PG School lọ́wọ́, ọjọ́ ìpadà wà nínú rẹ̀, ọkọ tàbí aya yín sì mọ ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.